Ta Ni Ẹni Yìí? Àkọsílẹ̀ Ìlera Orí Kọ̀ǹpútà Nígbà Tí Jàǹbá Bá Kó Ọ̀pọ̀ Èrò Wọ Ilé Ìwòsàn

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà nígbà tí jàǹbá kan ṣoṣo bá kó ogún, ọgbọ̀n tàbí ọgọ́rùn-ún ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn láàárín wákàtí kan. A yẹ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Boston ní ọdún 2013 wò, a sì mú ti Joplin ní 2011 àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017 mọ́ ọn. Èrò wa ni pé ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ ń já ni ọ̀rọ̀ orúkọ: orúkọ wo ni a ó fún ẹni tí a kò mọ̀, kí a má baà gbé ẹ̀jẹ̀ Táíwò fún Kẹ́hìndé? Ọ̀rọ̀ orúkọ kò sì lè ṣẹ́yìn èdè. Nítorí náà, àwa olùkọ́ èdè ní tiwa láti sọ níbẹ̀.

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá dé ilé ìwòsàn ìjọba lórílẹ̀-èdè yìí, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni káàdì. Ẹni tí kò bá ní yóò lọ ra á. Yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ àti ẹbí tí a lè pè. Akọ̀wé yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, yóò sì fún un ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó lọ jókòó de dókítà. Bí nǹkan ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà nìyẹn.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í rí bẹ́ẹ̀. Táńkà epo lè gbiná lójú títì. Ilé alájà púpọ̀ lè wó lu àwọn tí ó ń kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní ìlú Ọ̀wọ̀. Wọ́n pa nǹkan bí ogójì ènìyàn, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Wọ́n kó àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lọ sí Federal Medical Centre tí ó wà ní ìlú náà àti sí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ra káàdì? Ẹni tí ó dákú kò lè dárúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó gbé e wá lè má jẹ́ ẹbí rẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà tí ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, tí yóò sì ti lọ kí akọ̀wé tó gbé bírò.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì. Òfin ọdún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà sì sọ pé kí a tọ́jú wọn, ìwé ọlọ́pàá ìbáà wà, kò báà sí. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá dókítà mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà

Àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe fáìlì tí a kàn yà ní fọ́tò tí a sì tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan ni tí ó so gbogbo ẹ̀ka ilé ìwòsàn pọ̀. Bí dókítà ní yàrá pàjáwìrì bá ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan wò, àṣẹ náà á dé yàrá àyẹ̀wò lójú ẹsẹ̀. Èsì á padà sórí àkọsílẹ̀ aláìsàn kan náà. Àwọn tí ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ á rí i, àwọn oníṣẹ́ abẹ á rí i, ilé oògùn náà á rí i. Kò sí ẹni tí yóò máa gbé fáìlì sáré láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sí ìsàlẹ̀. Bí oògùn kan bá sì wà tí kò bá ara aláìsàn náà mu, kọ̀ǹpútà á kìlọ̀.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n orí èèkàn kan ṣoṣo ni a so gbogbo rẹ̀ mọ́: aláìsàn gbọ́dọ̀ ti ní orúkọ àti nọ́ńbà nínú ètò náà. Títí wọn yóò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni náà rárá lójú kọ̀ǹpútà. Wọn kò lè bèèrè ẹ̀jẹ̀ fún un, wọn kò lè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ya egungun ní fọ́tò, oògùn kò sì lè jáde fún un. Níbi tí wọ́n ti ń lo ìwé, nọ́ọ̀sì lè fa bébà kan ya, kí ó kọ “ọkùnrin onísòkòtò búlúù” sórí rẹ̀, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Kọ̀ǹpútà kì í gba irú rẹ̀, àfi bí àwọn tí ó ṣe ètò náà bá ti ronú kàn án ṣáájú.

Boston, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2013

Ọdọọdún ni ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ń ṣe eré ìje Marathon. Ní ọdún 2013, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí agogo mẹ́ta ọ̀sán lù, bọ́ǹbù méjì bú gbàmù ní òpópónà Boylston, nítòsí ibi tí àwọn asáré ti ń parí eré. Èkíní kò ju èkejì lọ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta kú. Àwọn tí ó fara pa lé ní 260, ó kéré tán àwọn mẹ́rìndínlógún nínú wọn sì pàdánù ẹsẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn láàyè, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó kú.

Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Àgọ́ ìtọ́jú tí wọ́n pa nítorí àwọn asáré wà nítòsí ibẹ̀, dókítà àti nọ́ọ̀sì sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó lè tọ́jú ọgbẹ́ tí ó le kò jìnnà, wọ́n sì pọ̀, kò sí èyí tí gbogbo èrò dà bò nìkan. Àsìkò náà tún jẹ́ ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ fẹ́ máa lọ tí ti ìrọ̀lẹ́ ń wọlé, nítorí náà àwọn méjèèjì wà nílé. Èyí ni gbogbo ayé gbọ́, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ohun tí a kò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni ti kọ̀ǹpútà. Àwọn oníṣègùn Brigham and Women's Hospital, tí ó wà lára àwọn tí ó gba aláìsàn lọ́jọ́ náà, kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn kan tí wọ́n gbé dé kò ní ohunkóhun tí a lè fi dá wọn mọ̀. Ẹni tí ó ń sáré ìje kì í gbé pọ́ọ̀sì dání. Ẹni tí bọ́ǹbù gbé ṣubú á fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó bọ́ sí. Ilé ìwòsàn náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní orúkọ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀nà náà sì tó fún aláìsàn kan tàbí méjì lóru. Nígbà tí irú wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn orúkọ ìgbà díẹ̀ wọ̀nyí jọra jù, wọ́n sì di ewu.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó. Dókítà dojú kọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ mẹ́wàá tò sísàlẹ̀ ara wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, “Ẹni-Àìmọ̀”, nọ́ńbà gígùn sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò ju nọ́ńbà kan ṣoṣo ní ìparí, ojú kọ̀ǹpútà sì lè kéré débi pé ìparí náà kò hàn. Nọ́ọ̀sì ń ké láti ẹ̀yìn pé ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ti ta ni? Ti Ẹni-Àìmọ̀. Èwo nínú wọn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹni tí oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O, tí a bá ṣèèṣì fún ní A, ara rẹ̀ á bá ẹ̀jẹ̀ àjèjì náà jà, ó sì lè pa á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ fún ẹni tí wọn kò tíì mọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní O. Ṣùgbọ́n O kì í pọ̀ nílé ìwòsàn kankan. Bí aláìsàn bá pọ̀, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún olúkúlùkù ní oríṣi tirẹ̀, orúkọ sì ni yóò sọ ti oníkálukú.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ilé ìwòsàn náà yí ọ̀nà ìsọmọlórúkọ rẹ̀ padà. Dípò nọ́ńbà nìkan, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ gedegbe síra wọn, bí orúkọ àwọ̀ tàbí orúkọ ìpínlẹ̀, ṣáájú nọ́ńbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn aláṣẹ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà: kí wọ́n yé fún àwọn tí a kò mọ̀ ní orúkọ tí ó jọra tàbí nọ́ńbà tí ó tẹ̀ léra.

Ẹ wò ó bí àtúnṣe náà ṣe rí. Kò gba ẹ̀rọ tuntun. Ẹnì kan ló jókòó ronú nípa ọ̀rọ̀: èwo ni ojú tí ó ti rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀, èwo ni etí lè yà sọ́tọ̀ nínú ariwo. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ojú tiwa rí

A kì í ṣe dókítà, a kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wọn ju wọn lọ. Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ ṣèwádìí yí dànù. Wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwa ni wọ́n ní kí a wá dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé méjì wà nínú àwọn tí ó fara pa, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Orúkọ bàbá ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, ti èkejì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé. Ìdààmú kò jẹ́ kí a rántí èyí tí ó kù. Akọ̀wé kọ “Kehinde A.” sórí fáìlì méjèèjì.

Èsì ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan wọ inú fáìlì èkejì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wá. Ó rántí pé ẹni tí òun gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lo ìbòrí, ẹni tí wọ́n sì fẹ́ so ẹ̀jẹ̀ mọ́ yìí ti di irun. Ó dá wọn dúró. Àwọn ọmọ méjèèjì ti ń kọ́ni báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ṣì máa ń rán wa létí pé a kò mọ orúkọ bàbá òun lọ́jọ́ náà.

Ìwé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a sọ ìtàn yìí fún ló dáhùn pé kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá tẹ “Kehinde A.” sí lẹ́ẹ̀mejì yóò ṣe àṣìṣe náà kíákíá ju akọ̀wé lọ. Àṣìṣe inú fáìlì á wà nínú fáìlì kan náà títí ẹnì kan yóò fi rí i. Ti orí kọ̀ǹpútà á ti dé yàrá àyẹ̀wò, ilé oògùn àti yàrá iṣẹ́ abẹ kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú.

Orúkọ Yorùbá lójú kọ̀ǹpútà

Ọmọ Yorùbá kan kì í ní orúkọ kan. Táíwò lè jẹ́ Táyéwò nínú ìwé ìbí, Taiye lórí káàdì báńkì, Taye lórí fóònù. Ṣọlá di Sola níbì kan, ó di Shola níbòmíràn, ènìyàn méjì sì ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ń jẹ́ Adéyẹmí Kẹ́hìndé lórí fọ́ọ̀mù kan lè jẹ́ Kẹ́hìndé Adéyẹmí lórí èkejì, nítorí a kò tíì fẹnu kò lórí èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ti àwọn ẹbí tí ó ń wá ènìyàn wọn le ju ìyẹn lọ. Àdúgbò lè mọ obìnrin kan sí Ìyá Bọ́sẹ̀ fún ogún ọdún láì mọ̀ pé Risikat ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan lè jẹ́ Alfa, Tísà tàbí Bàbá Ìbejì. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nínú ọjà, orúkọ wọ̀nyí ni àwọn tí ó bá sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yóò máa pè. Akọ̀wé yóò tẹ “Baba Ibeji” sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sì ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, nígbà tí Bàbá Ìbejì wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Àyè fún àpèjẹ́ yẹ kí ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nílẹ̀ wa. Ìnáwó rẹ̀ kò tó nǹkan. (Àwọn baba ńlá wa fi ilà ojú dá ọmọ wọn mọ̀ nígbà ogun. A kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí abẹ. A kàn ń sọ pé ìṣòro náà kì í ṣe tòní.)

Orúkọ wo wá ni a ó fún ẹni tí a kò mọ̀ rárá? Nọ́ńbà nìkan kò tó, kò sì bá wa lára mu. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tí ó gbọ́ pé ọmọ òun ni “Nọ́ńbà Keje” lè gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀. Orúkọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n lò ní Amẹ́ríkà kò lè rọrùn níhìn-ín. Bí a bá pe ẹnì kan ní Kano, ẹni tí kò mọ ètò náà á rò pé ọmọ Kano ni, a kò sì fẹ́ kí ìyẹn wọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Orúkọ àwọ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà jàǹbá, àwọn oníṣègùn máa ń fi àwọ̀ pín aláìsàn sí ìsọ̀rí: pupa fún ẹni tí kò lè dúró, yẹ́lò fún ẹni tí ó lè dúró díẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tí ó lè fẹsẹ̀ rìn, dúdú fún ẹni tí ó ti kú tàbí tí kò sí ìrètí fún. Bí a bá wá sọ aláìsàn ní Pupa, tí ìsọ̀rí rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò, a ti dá kún wàhálà ni.

Ó kù wá sí igi, ẹyẹ àti èso. Níbẹ̀ pẹ̀lú, àmì ohùn ń dúró dè wá. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kì í gba àmì ohùn wa. Bí a bá yọ àmì kúrò lórí ọ̀pẹ, ọpẹ́ àti òpè, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí wọ́n pe bàbá òun ní òpè. Igba, igbá, ìgbà àti igbà kò ṣeé lò fún ìdí kan náà. Igi apá kò ṣeé fún ẹni tí apá rẹ̀ ti ṣẹ́. Òwìwí kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ìrókò dára létí, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan lè ní kí a má fi orúkọ igi tí ó ní olúwéré pe aláìsàn. Àwọn tí ó dá wa lójú títí di ìsinsìnyí ni mángòrò, kaṣú, àgbọn, ẹyẹlé àti àṣá. Wọ́n yàtọ̀ síra lójú àti létí, kódà láìsí àmì, kò sì sí èébú nínú wọn.

Nígbà tí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ bá fara gbá jàǹbá

Ìlú Joplin ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà ní ilé ìwòsàn kan tí ó ń jẹ́ St. John's. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, wọ́n fi ìwé sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà, ìjì líle kọ lu ìlú náà, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 150, ó sì ba ilé ìwòsàn náà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Afẹ́fẹ́ gbé ìwé àti fọ́tò egungun tí ó wà níbẹ̀ lọ sí ìlú tí ó jìnnà réré. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ tuntun náà wà lórí rẹ̀ kò sí ní Joplin, ìlú mìíràn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Àwọn dókítà tí ó gba àwọn aláìsàn tí wọ́n kó jáde sì lè ka ohun tí wọ́n ti ṣe fún wọn. Ká ní oṣù kan ṣáájú ni ìjì náà jà, ìwé tí afẹ́fẹ́ gbé lọ ni gbogbo ohun tí wọn ìbá ní.

Ìtàn kejì yàtọ̀ sí èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ètò kọ̀ǹpútà búburú kan tí ó ń jẹ́ WannaCry tàn ká ayé. Ó ń ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń bèèrè owó kí ó tó ṣí i. Ó kan nǹkan bí 80 nínú 236 àwọn ẹ̀ka tí ń darí ilé ìwòsàn ìjọba ní England. Ó lé ní 6,900 ìpàdé àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fagi lé, ilé ìwòsàn mélòó kan sì ní kí wọ́n gbé aláìsàn pàjáwìrì lọ sí ibòmíràn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22, ẹnì kan ju bọ́ǹbù ní gbọ̀ngàn Manchester Arena, ó pa ènìyàn méjìlélógún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì fara pa. Ẹ ro ó wò bí ọjọ́ méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan.

Ìtàn Joplin ní kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé nìkan, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí a má sọ ìwé nù. Àwa tí a mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ń ṣe wá kò nílò WannaCry kí ó tó yé wa. Jẹnẹrétọ̀ lè má tètè gbé, íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè ní òun kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, àpótí kan yẹ kí ó wà ní yàrá pàjáwìrì, tí fọ́ọ̀mù pàjáwìrì àti ọ̀já ọwọ́ tí wọ́n ti tẹ orúkọ ìgbà díẹ̀ sí lára tẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà ara ọ̀já gbọ́dọ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ náà tó dé. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì á so Mángòrò 472 mọ́ ọwọ́ aláìsàn, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á máa kọ ọ́ sórí ìwé lábẹ́ orúkọ yẹn kan náà, wọ́n á sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà. Nígbà tí ẹbí bá dé, wọ́n á fi orúkọ gidi kún un, ṣùgbọ́n wọn kò ní yọ Mángòrò kúrò títí gbogbo ẹ̀jẹ̀ àti èsì tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn yóò fi tán lọ́nà. Yíyí orúkọ padà láàárín iṣẹ́ ni àṣìṣe kejì ti máa ń wọlé.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àwọn olówó nìkan ni irú ètò yìí wà fún, kí ó wo Haiti. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ológun Ísírẹ́lì pa àgọ́ ìtọ́jú sí Port-au-Prince. Wọ́n tọ́jú aláìsàn tí ó lé ní 1,100, wọ́n sì lo àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, tí fọ́tò aláìsàn wà lára rẹ̀. Ojú ènìyàn ni orúkọ tí kò nílò ìtumọ̀. Fóònù tí ó lè ya fọ́tò kò sì wọ́n wa.

Lórí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ka àkọsílẹ̀, a kò ní pẹ́. Ní Boston, ilé ìwòsàn Beth Israel Deaconess tọ́jú àwọn tí bọ́ǹbù ṣe léṣe, ó sì tún gba àwọn méjì tí wọ́n fẹ̀sùn bọ́ǹbù náà kàn. Ẹ mọ iye òṣìṣẹ́ tí yóò fẹ́ yọjú wo fáìlì irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè kọ orúkọ ẹni tí ó ṣí àkọsílẹ̀ kan àti àsìkò tí ó ṣí i, èyí tí fáìlì kò lè ṣe láé. Nígbà tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 ti wà ní Nàìjíríà, kí àwọn ilé ìwòsàn wa lo ohun tí kọ̀ǹpútà wọn lè ṣe.

Ohun tí ó kan kọ́lẹ́ẹ̀jì wa

Ó ṣeé ṣe kí àwọn akẹgbẹ́ wa kan ti máa bi ara wọn pé, kí ni ti olùkọ́ nínú èyí? Ọkọ̀ tí ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìrìn àjò ẹ̀kọ́, àwa ni a ń kó wọn sí i. Yàrá ìdánwò tí èrò kún fọ́fọ́, àwa ni a ń ṣọ́ ọ. Kí káàdì ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, láìgé ìkankan sí lẹ́tà kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwọlé, oríṣi ẹ̀jẹ̀ àti fóònù ẹbí. Kí olùkọ́ tí ó bá ń kó wọn lọ ní ìwé tí ó ní fọ́tò wọn lọ́wọ́, kí èkejì rẹ̀ sì wà ní ọ́fíìsì. Àwa tí a kọ “Kehinde A.” mọ ohun tí a ń sọ.

Ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera àti àwọn ẹ̀ka èdè lè jọ ṣe ìdánrawò kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ dùbúlẹ̀ sórí pápá bí ẹni tí ó fara pa, kí mẹ́wàá nínú wọn má sọ̀rọ̀ rárá, kí àwọn tí ó kù máa sọ èdè oríṣiríṣi. Kí àwọn mìíràn gba wọn wọlé, kí wọ́n fún wọn ní orúkọ ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ìgò ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ omi láti orí tábìlì dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. A ó wá ka iye ìgò tí ó ṣìnà, a ó sì wo orúkọ tí ó ṣì wọ́n lọ́nà.

Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, a nílò àkójọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, nítorí nọ́ọ̀sì, dókítà àti aláìsàn lè má sọ èdè kan náà. Mángòrò yóò yé àwọn tí ó ń sọ Hausa, nítorí mangwaro ni tiwọn. Àgbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Kwakwa ni wọ́n ń pè é, àwa sì mọ̀ pé bí àmì bá yí padà, àgbọ́n tí ó ń ta ènìyàn ni. Bóyá kí a yọ ọ́. A ti kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún wa sókè. Àwọn akẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń kọ́ Hausa, Ìgbò àti àwọn èdè mìíràn tí wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni a fẹ́ kí wọ́n sọ fún wa, kí a tó túká, èyí tí ó jẹ́ èébú tàbí èèwọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, kí wọ́n sì fi márùn-ún tiwọn kún un.